Ojú Àpá Kì í Jọ Ojú Ara: Bí A Ṣe Lè Ya Fọ́tò Mọ́tò Àwọn Baba Wa

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àpérò àjọ̀dún ọdún kẹwàá, ní Alajue, Ẹdẹ

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, tí a dá owó tí kò tó ra ìjókòó ogún, yóò mọ̀ pé Ọlọ́run ló mú wa dé ibi tí a dé lónìí.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ń retí ni ọ̀rọ̀ owó: bí a ṣe ń fi owó pamọ́, bí a ṣe ń yá owó láìkó sí gbèsè, bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń fi fóònù gba nọ́ńbà ATM lọ́wọ́ ènìyàn. Gbogbo yín mọ̀ pé báńkì ni mo ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tó wà nínú ọgbà ilé púpọ̀ nínú wa, tí ewéko ti ń bò mọ́lẹ̀, tí adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Mọ́tò àwọn baba wa ni.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Àwa gan-an ti ń di mọ́tò àtijọ́. Orúnkún ń dún, ẹ̀yìn ń dún, ẹlòmíràn nínú wa sì ti kun orí rẹ̀ ní dúdú kó tó wá síbí lónìí. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

ÀWỌN MỌ́TÒ TÍ MÒ Ń SỌ

Peugeot 504, tí gbogbo wa ń pè ní Píjò, jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ tó ń tò ó pọ̀ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry, tí Ìjàpá sì ń ti ibẹ̀ jáde. Ẹ rántí Ìjàpá: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, búútù wà níwájú, ariwo rẹ̀ nìkan la fi ń mọ̀ pé tíṣà ti ń bọ̀, tí a ó sì sá wọ kíláàsì. Àkókò owó Údójì ni. Owó oṣù lọ sókè, àjẹmọ́nú wọlé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò kòkó lè dá ra mọ́tò tuntun tí ẹnìkan kò tíì jókòó nínú rẹ̀ rí. Ṣáájú àwọn wọ̀nyí ni Morris Minor, àti Bedford tí a fi pákó kan ara rẹ̀, tí a ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà.

Mọ́tò wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn bá mọ ibi tí yóò wò. Mo mú àpẹẹrẹ kan wá. Ní 2 oṣù Kẹrin, 1972, ni Nàìjíríà ṣíwọ́ wíwa mọ́tò ní ọwọ́ òsì títì, tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí mọ́tò kan nínú ọgbà yín tí sítíárín rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ń rìn ṣáájú ọjọ́ yẹn. Àpẹẹrẹ kejì: ní 27 oṣù Kẹjọ, 1991, ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Mọ́tò tó bá ṣì gbé nọ́ńbà Ọ̀yọ́ àtijọ́ kọ́rùn ń sọ fún yín pé òun ti wà ní Alajue nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ olú ìlú fún wa. Ìwé ìtàn ni mọ́tò, irin ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé náà ń lọ. Bàbá á jáde láyé, àwọn ọmọ á wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kan, àwọn tó ń ra irin àlòkù á kan géètì. Wọn kì í béèrè ẹni tó wa mọ́tò náà tàbí ibi tó gbé e dé. Ìwọ̀n irin ni wọ́n ń wò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti fi iná gáàsì gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á ti kó o lọ. Ohun tó kù ni ibi tí koríko kò hù nínú ọgbà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a máa ya fọ́tò wọn.

BÍ MO ṢE BẸ̀RẸ̀

Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Bí oníbàárà bá fẹ́ fi mọ́tò dúró fún ẹ̀yáwó, a ní láti lọ fojú rí i. A ó ya iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, inú rẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà ṣáásí àti iye tí míìtà kà. Kò pọn dandan kí fọ́tò yẹn lẹ́wà. Òótọ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí bọ́ńpà bá ti ya, kí yíya rẹ̀ hàn.

Nígbà tó yá, mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan, mo ń fi ọjọ́ Sátidé rìn kiri Ẹdẹ àti Òṣogbo, mo ń ya mọ́tò àtijọ́. Ìyàwó mi ní ọkọ òun ti rí ìyàwó kejì, Píjò lorúkọ rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu rìnrìn yẹn ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín. Ẹ kò nílò kámẹ́rà ńlá. Fóònù tó wà lápò yín tó.

YÍYA FỌ́TÒ NÁÀ

Èkíní, ẹ dúró de ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì di funfun báláú, á sì sọ abẹ́ mọ́tò di òkùnkùn biribiri. Ẹ jáde láàárín aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀, tàbí bí ó bá ti ku wákàtí kan kí oòrùn wọ̀. Ọjọ́ tí ìkúukùu bo ojú ọ̀run dára púpọ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ á tàn ká ara mọ́tò láìgún ojú. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ nu ojú kámẹ́rà kí ẹ tó nu mọ́tò.

Èkejì, ẹ rántí pé dígí ni ara mọ́tò. Mo ya Bẹ́ńsì kan rí ní Òṣogbo. Mo délé, mo ṣí i wò, mo rí ọkùnrin kan nínú ilẹ̀kùn mọ́tò náà, ó wọ ẹ̀wù pupa, ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Èmi ni. Láti ọjọ́ náà, aṣọ dúdú ni mò ń wọ̀ lọ, mo sì máa ń sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títí n ó fi kúrò nínú dígí náà. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà lè ra gíláàsì kan tí wọ́n ń pè ní polarizer. Wọ́n máa ń fi í sí ẹnu kámẹ́rà, wọ́n á sì yí i díẹ̀díẹ̀ títí dídán tó wà lójú gíláàsì mọ́tò á fi dínkù.

Ẹ̀kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dúró ṣánṣán ya mọ́tò, á kéré bí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀. Ẹ lóṣòó títí kámẹ́rà á fi wà ní déédéé iná iwájú. Ẹ má sì sún mọ́ ọn jù. Fóònù tó bá sún mọ́ mọ́tò jù máa ń jẹ́ kí imú rẹ̀ wú, kí ìdí rẹ̀ sì rí tín-ín-rín. Ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà tàbí méje, kí ẹ wá fi fóònù fà á mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì. Igun iwájú ni kí ẹ dúró sí, níbi tí ojú mọ́tò àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jọ hàn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ palẹ̀ mọ́ kí ẹ tó ya fọ́tò. Bùkẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí wọ́n sá, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ẹ fi ọwọ́ gbé wọn kúrò. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ fi gbálẹ̀ á gbà yín lọ́wọ́ wákàtí kan tí ẹ ò bá fi máa pa nǹkan rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Bí mọ́tò náà bá ṣì ń rìn, ẹ lè gbà á láyè lọ́wọ́ onílé kí ẹ gbé e lọ sí ibi tó gbòòrò, irú bí itòsí ibùdó rélùwéè àtijọ́, níbi tí ọjọ́ orí mọ́tò àti ti ilé jọ bára mu.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe ya òde nìkan. Ẹ ya sítíárín tí ọwọ́ Bàbá ti jẹ awọ rẹ̀. Ẹ ya míìtà, káséètì tó há sínú rédíò, ìwé àdúrà tó wà nínú àpótí iwájú. Bí onímọ́tò bá wà láàyè, ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Àwọn àgbà ayàwòrán mọ èyí tipẹ́. Ní Bàmákò ní ilẹ̀ Màlì, Seydou Keïta tó ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní 1948 máa ń jẹ́ kí àwọn oníbàárà ya fọ́tò pẹ̀lú mọ́tò Peugeot 203 rẹ̀. Òní, a fi fọ́tò wọ̀nyẹn mọ bí àwọn ènìyàn ìgbà náà ṣe fẹ́ kí ayé rí wọn. Ilé ta ni a dé ní Alajue tí kò sí fọ́tò bàbá kan tó gbé ẹsẹ̀ kan lé bọ́ńpà, tó wọ bùbá àti ṣòkòtò, tí ojú rẹ̀ le koko?

ÀTÚNṢE FỌ́TÒ

Lẹ́yìn tí a bá ya fọ́tò, àtúnṣe kù. Snapseed wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó bá fẹ́ lọ jìnnà lè lo Lightroom. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò pọ̀. Bí fọ́tò bá wọ́, ẹ mú un tọ́, kí ilẹ̀ má baà dà bí ẹni pé ó ń dà sódò. Ẹ gé etí tí kò wúlò dànù. Bí abẹ́ mọ́tò bá ṣú jù, ẹ mú ibi òkùnkùn mọ́lẹ̀ díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti sọ funfun di àwọ̀ ẹyin, ẹ dá àwọ̀ padà sí bí ojú yín ṣe rí i. Bí ìdọ̀tí bá wà lójú kámẹ́rà tó sì di àmì dúdú lójú ọ̀run, ẹ nù ún kúrò.

Fún àwọn tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ìwé àjọ̀dún bí èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ alukoro yín. Bí a óò bá tẹ fọ́tò kan kó kún ojú ìwé A4 kó sì mọ́, ó ní láti tó píksẹ̀ẹ̀lì 2,480 ní ìbú àti 3,508 ní gígùn. Fóònù onímẹ́gápíksẹ̀ẹ̀lì 12 lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un mọ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ fi í ránṣẹ́ bí document. Gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ rí bàìbàì nínú ìwé ọdún karùn-ún wa, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín.

Títí dé ibi yìí, ọ̀rọ̀ mi rọrùn. Ibi tó le ni mo ń bọ̀ wá kàn, àṣìṣe tèmi sì ni.

MỌ́TÒ ÌYÁ

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ àjọ̀dún yìí, mo lọ sí ilé kan tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Píjò 504 kan wà níbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, àwọ̀ mílíìkì, wọ́n ti gbé e lé búlọ́ọ̀kù. Bàbá tó ni ín jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti di olóògbé. Ìyá ló kù nílé. Wọ́n fún mi láyè, mo ya mọ́tò náà ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìmọ́lẹ̀ sì dára.

Mo délé, mo fi alẹ́ méjì tún un ṣe. Ìpata ti jẹ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo pa á rẹ́. Ọ̀dà ti ṣí, mo mú un tàn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ti tẹ̀ wọnú, ibi tó tẹ̀ náà tó fífẹ̀ àwo ọbẹ̀. Mo lo Healing, mo fi ìka pa á lẹ́ẹ̀kan, mo pa á lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ. Ilẹ̀kùn náà jọ̀lọ̀ bí ìgbà tó kúrò ní Kàdúná. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi férémù sí i, mo gbé e lọ fún Ìyá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè kan, inú mi ń dùn.

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ. Wọ́n wọ jígí, wọ́n gbé fọ́tò náà sún mọ́ fèrèsé.

"Ó dára o. Ọkọ̀ ta ni?"

"Tiyín ni, mà. Ti Bàbá ni."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n fi ìka ra ojú gíláàsì, níbi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà.

"Ibi tí ọmọ mi fi gbá kànga dà? Níbo lo gbé e sí?"

N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí n jókòó. Àkọ́bí wọn ọkùnrin ń kọ́ mọ́tò nínú ọgbà náà ní ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn kan. Ó ń wa ẹ̀yìn bọ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá ògiri kànga. Bàbá bínú, wọ́n ní ní òpin oṣù, páńẹ́ẹ̀lì-bítà á wá, owó rẹ̀ á sì jáde nínú owó bàtà ọmọ náà. Kí oṣù tó parí, àìsàn dé. Ọmọ náà kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nígbà tí páńẹ́ẹ̀lì-bítà dé, Bàbá fún un lówó ọkọ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi wa mọ́tò náà kiri pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó tẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ahun, kò lè tún mọ́tò ṣe. Bàbá kò fèsì. Ìyá ní bí òun bá ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, òun máa ń fi ọwọ́ kan ibẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo mọ ọmọ náà. Àwọn kan nínú yín mọ̀ ọ́n. A jọ gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá. Ilé ẹ̀kọ́ onílé gbígbé ni mo wà nígbà tó kú, nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti sin ín, mi ò sì béèrè nǹkan kan. Bí ó bá wà láàyè, àárín wa ni ì bá jókòó sí lónìí, kó wọ ankárá yìí. Àmì kan ṣoṣo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí ayé tí a ṣì lè fojú rí, èmi ni mo fi ìka pa á rẹ́, mo sì fi férémù sí i, mo gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ bí ẹ̀bùn.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá ní, "Dìde. O ò mọ̀." Wọ́n tún ní kí n jẹun kí n tó lọ.

OHUN TÍ MO KỌ́

Àwọn baba wa ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Èmi ti ń gbìyànjú láti mú kó jọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, òfin kan ni mo fi ń ṣiṣẹ́, òun náà ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ilé: ohun tí kámẹ́rà ṣe ni kí a tún ṣe, ohun tí ayé ṣe sí mọ́tò, kí a fi í sílẹ̀. Fọ́tò tó wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ kámẹ́rà ni. Òkùnkùn tó pọ̀ jù, ẹ̀ṣẹ̀ kámẹ́rà ni. Ìpata, ibi tó tẹ̀, ọ̀dà tí oòrùn ti jẹ, àwọn yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kámẹ́rà. Ìgbésí ayé mọ́tò náà ni.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó ronú sí Oníkan ní Èkó. Ní ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kejì, 1976, wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba, nínú mọ́tò Mercedes-Benz dúdú rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Wọ́n gbé mọ́tò náà sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan. Páńẹ́ẹ̀lì-bítà kò sọ̀wọ́n ní Èkó nígbà náà, owó kò sì wọ́n ìjọba. Síbẹ̀, ihò ọta ìbọn wà lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí wọ́n bá ti dí ihò wọ̀nyẹn, Bẹ́ńsì dúdú lásán ni ì bá jẹ́, ẹnikẹ́ni kì bá sanwó wọlé wá wò ó.

Àtúnṣe kékeré pàápàá lè parọ́. Ẹ rántí sítíárín ọwọ́ ọ̀tún tí mo sọ. Lórí fóònù, ènìyàn lè yí fọ́tò padà bí ìgbà tí a wò ó nínú dígí, nítorí ó fẹ́ kí mọ́tò kọjú sí ọwọ́ kejì lójú ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni sítíárín á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mọ́tò tó ti wà ṣáájú 1972 á sì di ọmọ ìgbà Údójì. Ẹni tó ṣe é kò ní in lọ́kàn láti parọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ tó bá rí i lẹ́yìn ogójì ọdún, kí ni yóò gbàgbọ́?

Ti ayé òde òní tún le jù bẹ́ẹ̀. Àwọn áàpù kan ti wà báyìí tó jẹ́ pé bí ẹ bá fún wọn ní fọ́tò bàìbàì, wọ́n á dá a padà ní mímọ́ gaara. Ẹ kíyè sí i. Ohun tí wọn kò rí, ṣe ni wọ́n ń fi ọgbọ́n orí ara wọn dí i. Wọ́n lè fi iná tí Píjò kò ní rí sí i lójú, wọ́n lè kọ nọ́ńbà tí kò sí. Fọ́tò á lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe mọ́tò Bàbá mọ́.

Ní báńkì, bí a bá kọ àṣìṣe sínú ìwé, a kì í pa á rẹ́. A ó kọ òmíràn tí yóò tún un ṣe, ti àkọ́kọ́ á sì wà níbẹ̀ kí ẹni tó ń yẹ ìwé wò lè rí méjèèjì. Ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n bá fi bírò pa nǹkan rẹ́ lára rẹ̀, a ó dá a padà ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe fọ́tò. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ yà, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ fi ọ̀kan sí fóònù, ọ̀kan sí fláàṣì, kí ọ̀kan wà ní ilé ẹlòmíràn. Bí mọ́tò bá ṣì ń rìn títì tí ẹ sì fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bo nọ́ńbà rẹ̀ lórí ẹ̀dà náà nítorí àwọn oníjìbìtì, ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà náà wà lórí ojúlówó. Ẹ kọ orúkọ onímọ́tò, ọdún tó rà á, ọjọ́ tí ẹ yà á, àti ìtàn tó wà lẹ́yìn àpá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe bírò tí yóò gún un yọ síwájú.

ÌBẸ̀RẸ̀ ÀTI ÒPIN

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tó gbẹ̀yìn mọ́tò Ìyá. Lórí kọ̀ǹpútà mi, mo ti fi èyí tí mo tún ṣe bo ojúlówó mọ́lẹ̀. Ohun tó yọ mí ni mẹ́mọ́rì káàdì kámẹ́rà, tí mo ti ń múra láti nù kúrò nítorí ìkómọ kan tí mo fẹ́ lọ yà ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Ojúlówó náà wà níbẹ̀. Mo mú un tọ́ díẹ̀, mo mú abẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, n kò fọwọ́ kan ohun mìíràn. Mo gbé e lọ fún Ìyá, mo sì gba ti àkọ́kọ́ padà.

Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ilé pinnu láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ibi tí mọ́tò wà, wọ́n sì tà á fún àwọn tó ń ra irin. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ilẹ̀ ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán, àwọn náà sì ní ọmọ tí wọ́n ń rán lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìyá ń jókòó nínú yàrá nígbà tí wọ́n gbé e lọ. Fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀ wọn báyìí. Pẹ̀lú àṣẹ wọn, ó wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó bá mọ ọmọ náà nínú wa, kó dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ọdún yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa lọ sí ilé bàbá rẹ̀, kó ya fọ́tò mọ́tò tó bá kù níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ilẹ̀kùn kan tàbí sítíárín nìkan ló kù. Kó béèrè ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà tó ṣì wà láàyè. Kó mú ojúlówó àti ìtàn náà wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò ní mọ́tò, kó ya kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀. Òfin kan náà ló wà fún wọn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a ṣe ogún ọdún, kí a ṣe ọgbọ̀n, kí a má dín. Kí ó tu gbogbo àwọn tó ti lọ nínú òjùgbà wa lójú, kí ó sì dá àwọn ìyá wa sí fún wa.